Ohùn Obìnrin Ojú Kejì

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ìjà tún ṣẹlẹ̀ lónìí nílé Ọ̀gá Gírámọ̀. Ìjà orin o, kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́. (Lójú rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Samson ni mo ń pè é. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ọ̀gá Gírámọ̀, torí òun ló ni ẹ̀rọ tá a fi ń gbọ́ àwo, kì í sì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.)

Bá a ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú náà la ṣe é — ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Bàrígà, àga oníke, ẹ̀pà, omi tútù. Kí kálukú gbé àwo tirẹ̀ wá, kó sọ ìdí tó fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gá Gírámọ̀ gbé Obey wá, ó ní ọjọ́ tí dùùrù oníná wọnú jùjú ni jùjú bàjẹ́. Adéjìmí, tó ń tún fóònù ṣe ní Fọlá Àgòrò, ní ìfẹ́ àtijọ́ ni kì í jẹ́ ká gbádùn tòní. Ó ní Bàrígà yìí náà ni Olamide ti jáde, kí ló dé tá a fi ń wẹ̀yìn ṣáá. Habeebat ìyàwó rẹ̀ ní kó jókòó, ẹ̀pà ń dà nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi gbé Ajílété wá. Àwo àpàlà tó ṣe lọ́dún 1979. Bàbá mi ló ni í. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwo yẹn ló máa ń bá a sọ ọ́. Ojú kìíní dáa, kò sí àríyànjiyàn. Ojú kejì ni nǹkan wà. Láàárín orin, àwọn ọkùnrin tó ń gbè é á dákẹ́, ohùn obìnrin kan á jáde, òun nìkan —

Bí mo bá délé, ẹ bá mi ṣí fèrèsé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún dún mọ́ títí àwo fi parí. Obìnrin nínú àpàlà, kò wọ́pọ̀. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn páálí. Ajílété alára ti kú tipẹ́. Ọ̀gá Gírámọ̀ ní ìyàwó Ajílété ni. Adéjìmí ní ọkùnrin ló fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tá a ti ń jà lé e lórí. A ò parí ẹ̀ lónìí náà.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Omi wọ ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kàlẹ́ńdà ìjọ kan rin. Mo ń sá bébà títí ọwọ́ mi fi bó.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ní láti kọ èyí kí n tó sùn.

Mo lọ ra ọṣẹ dúdú ní Ladi-Lak, lọ́dọ̀ màmá kan tó ń tà á níwájú ilé. Wọ́n ń gé ọṣẹ, wọ́n ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Èmi ń yẹ kànìnkànìn wò. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ — Bí mo bá délé, ẹ bá mi ṣí fèrèsé.

Mo bi wọ́n níbi tí wọ́n ti gbọ́ orin náà. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí èèyàn bá béèrè ta ló sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ ọ́."

Sàwúdátù lorúkọ wọn, Ìyá Hashim ni àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí Ajílété wá ṣeré ìkómọ ní agboolé wọn, ó gbọ́ ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó ní kí ọmọ yìí wá gbè fún òun. Wọn ò tí ì pé ogún ọdún nígbà náà. Wọ́n yọ́ kúrò nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n bá a lọ sílé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n kọ ọ́, wọ́n padà wálé bíi pé ọjà ni wọ́n lọ. Bàbá wọn gbọ́. Ó fìbínú lọ bá Ajílété. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi fà wọ́n fọ́kọ, ọkọ ọ̀hún ò sì fẹ́ gbúròó orin nínú ilé rẹ̀. Àwo jáde, wọn ò fojú kàn án. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ orin náà, wọn ò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n béèrè bóyá mo ní in. Mo ní mo ní in.

Wọ́n ní, "Ṣé mo lè gbọ́ ọ?"

Ó wà lórí fóònù mi. Fóònù wà nínú báàgì, báàgì wà léjìká mi. Mo ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. A máa gbé e kalẹ̀ fún yín bó ṣe yẹ."

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé Ọ̀gá Gírámọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo rí Màmá. Ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi rèé, kí n sọ òótọ́.

Ohun kan ni pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kò dọ́gba pẹ̀lú ti àwo. Ti àwo máa ń fa "fèrèsé" lọ sókè, á sì pẹ́ níbẹ̀. Tiwọn já wálẹ̀ kíá. Mo rò pé ọjọ́ orí ni.

Jímọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn Jímọ̀ ni mo yà nílé Ọ̀gá Gírámọ̀. Mo ròyìn. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ àwo. Mo ní rárá.

Ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, Rùkáyátù. Ojú gbogbo wa ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ó ní bí ojú èèyàn ṣe máa rí nígbà tó bá gbọ́ ohùn ìgbà èwe ara rẹ̀, èèyàn kì í rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láyé. Mo gbà. Ó wu èmi náà.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Gbogbo wa fọwọ́ sí i pé ẹ̀yìnkùlé Ọ̀gá Gírámọ̀ ni Màmá ti máa gbọ́ ọ. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá Gírámọ̀ á pe àwọn olólùfẹ́ àpàlà láti Mushin àti Agége. Adéjìmí á ya fídíò. Èmi á bá wọn tẹ bánà, ṣé èmi ni mo wà nílé ìtẹ̀wé. A jiyàn lórí ohun tá a máa kọ sí i, wọ́n sì mú tèmi: Ẹ̀YIN NI OHÙN OJÚ KEJÌ — ALHÀJÀ SÀWÚDÁTÙ, Ẹ KÚ ÀBỌ̀.

Habeebat nìkan ló sọ nǹkan míì. Ó ní ṣé kò ní í dáa kí Màmá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní jẹ́jẹ́ nílé, kó má lọ bá wọn lójijì láàárín èrò. Ọ̀gá Gírámọ̀ ní bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ nílé, kí lẹ wá fẹ́ wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dé ọ̀dọ̀ Màmá. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n tún béèrè. Mo ní ó ku díẹ̀, mo sọ ọjọ́ náà fún wọn.

Hashim ọmọ wọn wà nílé. Kéwú ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúgbò, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Mo ti ń bẹ̀rù pé á ní kí a má gbé ìyá òun lọ síbi orin. Àmọ́ ó ní òun fúnra òun á mú wọn wá. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìyá òun kọrin rí àyàfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì fẹ́ mọ ohun tí bàbá òun gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo dìde, mo lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Màmá rán Nusaibah, ọmọ Hashim, sí mi níbi iṣẹ́: ṣé ọjọ́ yẹn ṣì ni? Mo ní ọjọ́ yẹn náà ni. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù.

Sùúrù. Èmi ni mo fẹnu mi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Bánà ti jáde. Ó rẹwà. Òórùn yíǹkì ṣì wà lára aṣọ mi. Mo lọ gbé e kọ́ sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, èmi àti Adéjìmí, a sún sẹ́yìn, a wò ó. Ọ̀gá Gírámọ̀ ti nu àwo bàbá mi bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ní, "Ọ̀la làríyànjiyàn máa parí."

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Kì í ṣe ohùn wọn.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ kó lè kúrò láyà mi.

Ẹ̀yìnkùlé kún. Àwọn bàbá wá láti Agége pẹ̀lú àwo tiwọn lábíyá. Màmá wọ léèsì funfun, wọ́n fi ìbòrí aláwọ̀ ewé bo orí, Hashim sì mú wọn lápá wọlé. Gbogbo èèyàn dìde. A mú wọn jókòó sábẹ́ bánà, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lápá ọ̀tún, Hashim lápá òsì. Ọ̀gá Gírámọ̀ sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé ojú kejì.

Màmá pa ojú dé. Ajílété wọlé, àwọn ọkùnrin gbè é. Mo rí i pé Màmá mọ gbogbo rẹ̀, orí wọn ń lọ pẹ̀lú ẹ̀. Bí ó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n la ẹnu díẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbà á. Àwọn ọkùnrin dákẹ́. Ohùn náà jáde. Màmá kọ ọ́ tẹ̀ lé e, ní jẹ́jẹ́, èmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo gbọ́. Níbi "fèrèsé," ti àwo gòkè, tiwọn wálẹ̀. Wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n la ojú.

Wọ́n ń wo ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo àlejò tó ṣì ilé wọ̀.

Èrò ti ń pàtẹ́wọ́. Màmá na ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí a tún un ṣe. Ọ̀gá Gírámọ̀ tún un ṣe, inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò kọ ọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n kàn ń gbọ́. Omi wá bọ́ lójú wọn. Adéjìmí sún kámẹ́rà mọ́ wọn. Bàbá Agége kan ń nu ojú tiẹ̀.

Màmá tẹ orí sí Hashim létí. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ nìyí."

Hashim ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n tún un sọ. "Ohùn mi kọ́. Ẹlòmíì ló kọ ọ́."

Èmi àti Hashim nìkan la gbọ́. Àtẹ́wọ́ ò dákẹ́. Wọ́n jókòó sábẹ́ orúkọ ara wọn tí mo fọwọ́ mi tẹ̀, lẹ́tà gàgàrà, wọ́n sì ń sọ lábẹ́ ohùn pé bàbá àwọn lọ bá Ajílété jà, pé ó ní láti jẹ́ pé Ajílété pe ẹlòmíì wá kọ ọ́ lẹ́yìn àwọn. Ó dàbí ẹni pé wọ́n ń ṣàlàyé fún ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Hashim mú àwọn lọ sílé. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ tá a gbé kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn títí dé ẹnu ọ̀nà. Màmá ń dá kálukú lóhùn, wọ́n ń kí wọn.

Nígbà tí mo sọ fún Ọ̀gá Gírámọ̀, ó jókòó sórí páálí àwo.

Báàgì mi. Fóònù wà nínú ẹ̀. Ká ní mo ti yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ní Ladi-Lak, ká ní mo fi sí wọn létí níbi tí wọ́n ti ń gé ọṣẹ, àwa méjì péré là bá mọ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi òmìnira. Mo ṣí fóònù, Màmá ni mo rí. Ọ̀gá Gírámọ̀ ti gbé fídíò náà sórí Fesibúùkù. Ó gé e níbi tí omi bọ́ lójú Màmá, kò jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n ti tẹ orí sí Hashim. Ọ̀rọ̀ orí bánà mi ló fi ṣe àkọlé.

Àwọn èèyàn ń sunkún láti Ìbàdàn, láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ohùn yìí ló tọ́ àwọn dàgbà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí Màmá pẹ́ láyé. Kálukú ń sọ ọdún tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ilé tí òun wà, ẹni tí wọ́n jọ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ mìíràn, inú mi ì bá dùn láti kà á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ bá Ọ̀gá Gírámọ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Samson, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe ohùn wọn."

Ó ní èèyàn lè má dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ó ní ta ló ń mọ ohùn ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, àgàgà lẹ́yìn iye ọdún yẹn. Ó ní bóyá Màmá ló gbàgbé bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Mo ní wọn ò gbàgbé. Mo ní èmi gbọ́ ìyàtọ̀ náà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé wọn, mo sì dá ọjọ́ orí lẹ́bi.

Ìgbà yẹn ló wò mí. Ó béèrè ìdí tí mi ò fi sọ. Mo ní mi ò fẹ́ kó má rí bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Èmi náà ò fẹ́ kó má rí bẹ́ẹ̀. Wo inú èèyàn tó ń dùn, Rùkáyátù. Kí ni ká wá sọ fún wọn?"

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Bánà ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè já a.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Habeebat pè mí. Ó ní Adéjìmí àti Ọ̀gá Gírámọ̀ ti yọ fídíò náà. Hashim ló wá, ó bẹ̀ wọ́n, kò bínú rárá. Ó ní àìbínú yẹn ló dun Ọ̀gá Gírámọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíì ti gbé e. Mo rí i lójú ewé mẹ́ta tí mi ò mọ̀ rí. Ọ̀kan fi orin ìyìn sí i nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Mi ò lọ sílé Ọ̀gá Gírámọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí pé kí ló dé.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ń sá fún Ladi-Lak. Lónìí mo lọ.

Màmá wà níwájú ilé, wọ́n ń di ọṣẹ. Mo kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Mo béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí n tún orin náà fún wọn gbọ́, àwa méjì péré, ní jẹ́jẹ́. Wọ́n ní rárá, àwọn ti gbọ́ ọ.

Wọ́n ní ẹni yẹn kọ ọ́ dáadáa. Ká ní wọ́n ní kí àwọn mú ọ̀kan nínú ohùn méjèèjì, òun náà ni àwọn ì bá mú.

Mo rò pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n di ọṣẹ méjì sí i kí wọ́n tó tún lanu.

Wọ́n ní, "Bàbá Hashim le, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ìgbà tí ilé bá gbóná, mo máa ń sọ fún ara mi pé, Sàwúdátù, o wà nínú àwo. Níbì kan báyìí, ẹnì kan ń gbọ́ ẹ. Mo fi tọ́ ọmọ. Mo fi sin ọmọ méjì. Mo fi sin òun náà." Ọwọ́ wọn ò dúró nínú ọṣẹ. "Ẹ ò mọ̀, ọmọ mi. Mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ní nìyẹn."

Ojú tì mí láti sunkún níwájú wọn. Kí ni tèmi nínú ẹ̀ tí màá fi máa sunkún.

Obìnrin kan ń kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó dúró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Màmá olórin wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí yín lórí fóònù."

Màmá ní, "Èmi kọ́, ọmọ mi. Ẹlòmíì ló kọ ọ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó ní ẹ ò rí àwọn àgbà, bí wọ́n ṣe máa ń rẹ ara wọn sílẹ̀. Ó ra ọṣẹ kan, ó súre fún wọn, ó lọ.

Màmá ní láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń ṣe.